Iye Tí Mo Pe Ilé Wa

Ẹ má dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ yẹn, Màmá! Ẹ má súre fún mi! Mo kí yín ẹ káàárọ̀, ẹ ní ọjọ́ á dára fún mi, ẹ ní ọmọ mi á là, ẹ ní oníbàárà á máa tò síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, háà, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Mátíràsì yín rèé tẹ́ ẹ ti ká, ìkòkò yín rèé nínú báàfù, ọkọ̀ ń bọ̀ wá kó yín kúrò nínú ilé yìí, ẹ wá ń súre fún èmi! Èmi tí gbogbo ilé mọ̀ pé mo kó bá yín! Tíṣà ti sọ tirẹ̀ sí mi. Mẹkáníìkì ti sọ tirẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tún fi kún un. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò tíì sọ nǹkan kan, ẹ̀yin tọ́rọ̀ yìí sì dùn jù.

Ẹ gbé àwo yẹn fún mi. Mo ní kẹ́ ẹ gbé e wá, èmi ni mo máa fi bébà wé e, ẹ jókòó sórí àpótí yín kẹ́ ẹ na ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n rí nǹkan fọwọ́ ṣe.

Ṣé ẹ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe sí mi nínú ilé yìí? Tíṣà, tí mo ń dirun fún ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbàkígbà tí ilé ìwé bá fẹ́ wọlé, ó bá mi lórí àtẹ̀gùn lánàá, ó kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára òpó iná. Mo ní Tíṣà ẹ kú ilé. Òpó iná ò kí èèyàn, kò dáhùn. Mẹkáníìkì ní tirẹ̀ dúró, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, madam." Madam! Èmi tí wọ́n ń pè ní Rédíò láti ọjọ́ tí mo ti kó dé! Rédíò, kí ni ìròyìn wí? Rédíò, ẹ yí i sílẹ̀ díẹ̀, ọmọ ń sùn. Orúkọ yẹn máa ń bí mi nínú nígbà kan, ẹ̀yin náà mọ̀. Ní báyìí, mi ò mọ ohun tí mi ò lè fún ẹni tó bá tún pè mí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá mi ṣeré mọ́, Màmá. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi.

Wọ́n ní èmi ni mo fowó kún ilé. Ẹ gbà mí o! Ṣé èmi ni mo kọ́ ilé? Ṣé orúkọ mi ló wà lẹ́nu géètì? Ṣé èmi ni mo tẹ ìwé tí wọ́n tì sábẹ́ ìlẹ̀kùn kálukú, pé láti ìparí oṣù yìí, ẹni tí kò bá lè san ìlọ́po méjì kó gba ibòmíràn lọ? Ọmọ onílé ló fọwọ́ sí i. Bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ọmọ wá láti ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó gba ilé sọ́wọ́, ó ṣe ohun tó wù ú. Ẹ lọ bá a jà! Kí ló dé tó jẹ́ èmi ni gbogbo èèyàn ń fi ojú burúkú wò, àfi bí ẹni pé táì wà lọ́rùn èmi náà?

Àbí owó ilé ò ti ń lọ sókè kí n tó lanu? Ẹ dá mi lóhùn ìyẹn, Màmá, ẹ̀ ń ká aṣọ, ẹ dá mi lóhùn. Ẹ mọ ohun tí etí mi ń gbọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn? Gbogbo ìlú ló ń jókòó sórí àga mi. Ẹni orí òkè, níbi tí wọ́n ń gbin òdòdó sẹ́nu ọ̀nà, á jókòó, á ní wọ́n ti fi ìdajì kún tàwọn, ọkọ òun ní kí àwọn sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò. Ẹni etí odò á jókòó tẹ̀lé e, á ní kí ni kí òun ti ṣe, àwọn ará òkè ti ya wọ àdúgbò àwọn, yàrá tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ wò tẹ́lẹ̀ nítorí ẹ̀fọn, wọ́n ti kùn ún, wọ́n ti fi dígí gbàgàdà sí ojú fèrèsé rẹ̀, apá òun ò ká a mọ́, ẹ̀bá ojú irin lòun ń lọ. Ẹni ẹ̀bá ojú irin ńkọ́? Tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, ife ń jó lórí tábìlì rẹ̀, òun náà ní wọ́n ti fi kún tòun! Kí ni wọ́n fi kún un fún, ṣé ijó ife náà ń náni lówó ni? Ó ní ẹ̀yìn afárá lòun ń wá yàrá sí. Ẹ̀yìn afárá, ọ̀dọ̀ wa níbí!

Bí ìjókòó gbọọrọ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló ṣe rí. Ẹni tó sanra á jókòó sí etí kan, ẹni tó tẹ̀lé e á sún, ìyẹn náà á sún, ẹni tó wà létí kejì á ṣàdédé bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Àwa la wà létí kejì yẹn. Nítorí náà, wọ́n á pàpà fi kún tiwa, bí kì í bá ṣe lọ́dún yìí, lọ́dún tó ń bọ̀, bí kì í bá ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, ọdún tó tẹ̀lé e. Ohun tí mo ń ṣàlàyé fún Tíṣà nìyẹn lọ́jọ́ yẹn tó ní kí n pa ẹnu mi mọ́.

Ẹ má mi orí bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé ọdún yìí kọ́ ni ì bá jẹ́. Mo mọ̀ pé kì bá má tó bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan tó wọ gíláàsì ojú ló fà á, Ọlọ́run nìkan ló mọ ẹni tó fi ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi hàn án! Ó wọlé lọ́sàn-án, oòrùn mú, ó ní kí n fọ irun òun kí n fi díráyà mú un gbẹ. Kó tó jókòó, Màmá, ó yọ bébà rírọ̀ nínú báàgì rẹ̀, ó fi nu àga mi. Ó nu àga mi! Àga tí mo nù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí mo tẹ́ táwẹ́lì tẹ́ ẹ fọ̀ tó funfun báláú lé lórí! Mo gbé e mì, oníbàárà ni. Ó wá na ọrùn wo ìta, ó rí aṣọ tẹ́ ẹ sá, ó rí Mẹkáníìkì lábẹ́ mọ́tò, ó ní, "Ẹ̀yìn afárá rèé? Mo ti rò pé àwọn èèyàn ò gbé ibí mọ́." Ó fi ohùn tó rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ ọ́. Ó ní, "Ilé ibí á jẹ́ olówó pọ́ọ́kú gan-an ni, àbí?"

Àwọn èèyàn ò gbé ibí mọ́! Kí wá ni wá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi gbogbo ọjọ́ ayé yín fọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn, tí kò sí aláìsàn kan nínú ìlú yìí tí kò sùn lórí iṣẹ́ ọwọ́ yín rí, ẹ kì í ṣe èèyàn? Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, ṣé ewúrẹ́ ni? Inú bí mi, Màmá. Ọlọ́run lẹ́rìí mi, nítorí gbogbo wa ni inú ṣe bí mi.

Ẹ sì mọ bí nǹkan ṣe ń lọ lórí àga yẹn. Kò sẹ́ni tó ń pe iye tó ń san gan-an. Oníbàárà á fi kún tirẹ̀, èmi náà á fi kún tèmi, a ó jọ mi orí, a ó ní ayé ti le, irun á parí, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ san iye tó ń san tẹ́lẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni lára rí! Iṣẹ́ wa ló ní kí á máa ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sọ pé ilé mi ò wọ́n, oníbàárà á ní kí ló dé tí irun mi wá wọ́n. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi, ó ní mi ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tí mo ń dirun fún mọ̀ pé mo tòṣì jù ú lọ, torí ọwọ́ tálákà ò ní níyì lórí rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tó bi mí pé èló, mo fi díẹ̀ kún un.

Díẹ̀ kọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo ní díẹ̀ kọ́. Ìlọ́po méjì ni mo pè. Mo ní, ibí yìí? Áà, aǹtí mi, ẹ ti pẹ́ dé, ibí ti yàtọ̀ o! Ó ní ilé tó wà lápá ọ̀tún ńkọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Ilé iwájú ńkọ́, mo ní tìyẹn tún ju tiwa lọ. Ó ń béèrè, mò ń pè é, mò ń mú irun gbẹ, ẹnu mi ń lọ geere, mo ti dá owó lé gbogbo òpópónà kí irun tó gbẹ. Ẹnu ń yà á! Bí ẹ bá rí bí ẹnu ṣe ń yà á, ẹ̀yin náà ì bá fi kún un. Ó dìde lórí àga, ó tún òpópónà wò lójú fèrèsé, ó ní "Ẹ̀n-ẹ́n?", ó sì wò ó bí ibi tí èèyàn ń gbé. Ó dùn mọ́ mi nínú. Mo rìn káàkiri bí ọlọ́lá títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ta ló sọ fún mi pé iṣẹ́ rẹ̀ ni? Ṣé ó kọ ọ́ síwájú orí? Ilé iṣẹ́ kan ló ń rán an kiri àdúgbò, kó máa fọgbọ́n béèrè iye tí wọ́n ń gba ilé, kí wọ́n kó o jọ sórí fóònù fún àwọn onílé, orí òkè iye báyìí, etí odò iye báyìí, èyí ń gòkè, èyí ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Tíṣà dúró lórí àtẹ̀gùn tó kà á sókè. "Ẹ̀yìn afárá, àdúgbò tí owó ilé rẹ̀ ń yára gòkè jù lọ." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín! Mẹkáníìkì ní bóyá afárá mìíràn ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí Tíṣà pe iye yẹn, mo dá ẹ̀rín dúró. Mo mọ iye yẹn. Ẹnu mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Kò burú, mo ní lọ́kàn mi, ta ló ń ka fóònù ọ̀hún. Onílé ló ń kà á.

Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rèé, Màmá, kí n sọ ọ́ kí ọkọ̀ tó dé. Ẹ fi ṣíbí yẹn sílẹ̀ ná. Kí ọmọ onílé tó tẹ ìwé kankan, ó wá bá mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, fóònù lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo rí nǹkan kan tó yà mí lẹ́nu. Ṣé òótọ́ ni pé bí wọ́n ṣe ń san ní òpópónà yìí nìyí? Ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo èèyàn." Ó ń béèrè ni o! Kò tíì fi kọ́bọ̀ kan kún un! Òun fúnra rẹ̀ ò gbà á gbọ́! Bí mo bá ti ní, ọ̀gá, irọ́ gbuu ni, oníbàárà kan ni mo ń ṣe fáàrí fún, ì bá rẹ́rìn-ín, ì bá padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, ẹ̀yin ì bá wà nídìí ẹ̀rọ omi ní wákàtí yìí, ẹ̀ ń fọ táwẹ́lì.

Ìyàwó dókítà orí òkè ló wà lórí àga. Irun rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ wà nínú dígí, ó ń wò mí. Òun náà sì ni mo ti pe iye yẹn fún. Mo wò ó, mo wo ọmọ onílé. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí! Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, èmi tí ẹ̀ ń bẹ̀ kí n dákẹ́, ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ mi ì bá wúlò fún èèyàn, mo bu omi sẹ́nu! Nítorí kí ni? Nítorí kí obìnrin kan tí mi ò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ má baà mọ̀ pé ilé olówó pọ́ọ́kú ni mo ń gbé. Ọmọ onílé gbà á gbọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó lọ tẹ ìwé.

Ẹ ti tún mú ṣíbí yẹn? Ó dáa. Kò tán síbẹ̀. Ṣé ẹ rí èmi, tí mi ò di ẹrù? Ẹ ò bi mí ìdí ẹ̀. Àwọn yòókù ti ń fura, ìdí tí Tíṣà fi ń ṣe mí bí òpó iná nìyẹn. Wọn ò fi kún tèmi, Màmá. Ọmọ onílé ní ṣọ́ọ̀bù mi ló ń jẹ́ kí àdúgbò ní ojú, pé àwọn èèyàn gidi ń wá síbẹ̀, kí n fọkàn balẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Gbogbo ilé ń lọ, èmi tí mo pe iye ni mo jókòó! Bí mo bá gbọ́ irú ẹ̀ nípa ẹlòmíràn, mo máa ní ó gba rìbá ni. Mi ò gba nǹkan kan, mo fi ọmọ mi kan ṣoṣo búra. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, kí ni ìyàtọ̀?

Mo tún pe yàrá yín. Háà, Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Obìnrin onígíláàsì yẹn ti fẹ́ lọ, ó ti mú báàgì rẹ̀, kò béèrè mọ́! Èmi ni mo nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà yín, èmi ni mo ní, ẹ wo yàrá kékeré ẹ̀yìn yẹn, tó wà nídìí ẹ̀rọ omi, òun làwọn èèyàn ń dù jù, ẹni tó wà níbẹ̀ ò lè kúrò láéláé, wọ́n fi owó lọ̀ ọ́ títí. Ṣé mo parọ́ pé ẹ ò lè kúrò? Eékún yín ni mò ń rò lọ́kàn, pé ẹ ò lè gun àtẹ̀gùn, pé omi gbọ́dọ̀ wà nítòsí yín. Mo sọ ọ́ di ọjà.

Ta ló gbọmọ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo kó dé síbí, tí ọkọ mi lé mi jáde, tí gbogbo ẹrù mi ò ju àpò kan àti díráyà kan lọ? Ta ló fi áyọ́ọ̀nù rẹ̀ yá mi? Ta ló ń fọ táwẹ́lì ṣọ́ọ̀bù mi títí dòní, tó ń ká a ní mẹ́rin mẹ́rin, etí sí etí, bí ẹni pé aláìsàn ló fẹ́ fi nu ara? Ìyàwó dókítà fúnra rẹ̀ bi mí pé ibo ni mo ti ń ra táwẹ́lì tó mọ́ tó báyìí. Mi ò sọ fún un. Mo fi iṣẹ́ ọwọ́ yín ṣe fáàrí.

Mo ti lọ bá ọmọ onílé. Ẹ má rò pé mo kàn jókòó ń sunkún. Mo lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi ní kí n wọlé, mo ní, ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni mo pa, kò sẹ́ni tó ń san iye yẹn ní òpópónà wa, ẹnu mi ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ó rẹ́rìn-ín, Màmá! Kò tiẹ̀ bínú. Ó ní kí n jókòó, ó yí fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní ilé aláwọ̀ ewé tó kángun sí tiwa, wọ́n fi í lélẹ̀ ní iye yẹn, èèyàn ti gbà á, ó ti sanwó, ó ti kó wọlé. Ilé tó wà níwájú, bẹ́ẹ̀ náà. Ó ní, "Mà, bó bá jẹ́ irọ́ nígbà yẹn, ó ti di òótọ́ báyìí." Mo ní kí ó fi kún tèmi náà, kó yọ ọ́ nínú tiyín. Ó ní kí n má dààmú, tèmi ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó sì dìde ṣílẹ̀kùn fún mi, ó ní kí n máa rọra lọ. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni.

Ẹ wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ní kẹ́ ẹ wá sọ́dọ̀ mi! Mo ti wọn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí mo bá gbé àga kejì kúrò tí mo ta kọ́tìnì, mátíràsì yín á gbà. Kò sí àtẹ̀gùn kankan! Àbí òkè kẹrin ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọkọ ọmọ yín bá yín rí yẹn lẹ fẹ́ máa gùn, lẹ́yìn ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń yí padà, níbi tí ẹni tó bá ń lọ ilé ìwòsàn á wọ ọkọ̀ mẹ́ta? Eékún wo lẹ máa fi gùn ún? Omi ibẹ̀ ńkọ́, ta ló máa pọn ọ́n? Kí lẹ wí? Ẹ ní ariwo ẹnu mi á ti pa yín kí àtẹ̀gùn tó pa yín. Ẹ tún ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀! Màmá, mi ò ṣẹ̀fẹ̀ o.

Ẹ dúró, ta ló ń kan ìlẹ̀kùn? Ọkọ̀ ni?

Ẹ káàárọ̀. Ta lẹ̀ ń wá? Ẹ fẹ́ wo yàrá? Yàrá wo, ṣé ẹ ò rí i pé ẹni tó ń gbé yàrá ṣì jókòó nínú rẹ̀ ni! Ẹ padà lọ! Omi ń jò wọ inú ògiri níbí, ẹ gbọ́? Eku wà níbẹ̀ tó tó ọmọ ológbò! Ẹ tún lọ wádìí, iye tí wọ́n pè fún yín yẹn, irọ́ ni, màmá yìí ń san ìdajì rẹ̀, kódà kò tó ìdajì, ẹ lọ sọ fún ọmọ onílé pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, onídìrí iwájú!

Ẹ ti sanwó? Kí ló dé tẹ́ ẹ sanwó ohun tẹ́ ẹ ò tíì rí? Ẹ rí i lórí fóònù pé bó ṣe ń lọ nìyẹn. Háà! Èmi lẹ rí lórí fóònù yẹn! Èmi yìí!

Kí nìyàwó yín wí? Mi ò gbọ́, kó sọ ọ́ sókè. Láti etí odò. Wọ́n fi kún tiyín náà. Ẹ ti ń sùn ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n yín láti ìgbà tí oyún ti wọ oṣù keje, ẹ̀gbọ́n ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó dáa. Ó dáa, ẹ má sunkún. Eku kankan ò sí níbí, mo kàn sọ ọ́ ni. Ògiri ò jò. Màmá tọ́jú rẹ̀ bí ojú.

Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe? Ẹ má dìde, ẹsẹ̀ yín! Ẹ wò ó o, ó gbé àpótí tó ń jókòó lé fún un! Àpótí yín, Màmá, tẹ́ ẹ fẹ́ gbé lọ! Ẹ jókòó, ìyàwó, ẹ jókòó, ó ti gbé e kalẹ̀ fún yín, ẹ má jẹ́ kó tún tẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ omi ló ń fi hàn yín yẹn, ó ní láàárọ̀ kùtù ló máa ń ṣe dáadáa. Kí ni kí n bá èèyàn báyìí wí! Ta ni kí n lé, ta ni kí n dá dúró?

Ọkọ̀ rèé lóòótọ́. Mo gbọ́ fèrè rẹ̀.

Ẹ fi sílẹ̀, bàbá onímọ́tò, ẹ má fọwọ́ kan mátíràsì yẹn, èmi ni mo máa gbé e. Ẹ kó báàfù. Màmá, ẹ di apá mi mú, ẹ rọra, ẹ wọ iwájú lọ́dọ̀ onímọ́tò, ẹ̀yìn ni èmi máa wà pẹ̀lú ẹrù. Ẹ̀n, mò ń lọ. Mo ní mò ń bá yín lọ! Ṣọ́ọ̀bù? Mo ti tì í láti àárọ̀. Ìyàwó dókítà ń bọ̀ ní ọ̀sán, kó dé, kó bá ìlẹ̀kùn ní títì, kó bínú dé ibi tó bá lè bínú dé. Ta ló máa gbé ẹrù yìí dé òkè kẹrin, ẹ̀yin àbí ọkọ ọmọ yín tí ẹ̀yìn ń dùn?

Ẹ má bá mi ṣírò owó ọkọ̀ tí mo máa fi padà. Mi ò wọkọ̀ padà. Ẹsẹ̀ ni mo máa fi rìn ín, láti ẹnu ọ̀nà yín títí dé ẹ̀yìn afárá, bó bá di alẹ́ kó di alẹ́. Ó yẹ kí n mọ bí ibi tí mo lé yín lọ ṣe jìnnà tó.